Ìwé Tí Mo Dá Jẹ ní Bẹyẹrunká

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, ní ọjọ́ Àlàmísì, ni owú yìí bẹ̀rẹ̀. Mo mọ aago náà nítorí pé ó wà lójú fóònù mi nígbà tí ohùn Sìdí wọlé. Mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Kàbà, mò ń fi àtàǹpàkò ti ojú fóònù sókè, bí mo ṣe ń ṣe láti àárọ̀ títí di alẹ́ láti ìgbà tí mo ti parí àgùnbánirọ̀ tí n kò rí iṣẹ́.

Sìdíkátù ni orúkọ Sìdí gangan. Ọmọ Ìbàdàn ni, ṣùgbọ́n Kàbà la ti jọ dàgbà, nítorí ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti ń ta aṣọ kí wọ́n tó kó padà sílé. Ilé ìwé girama kan náà la lọ. Nígbà yẹn, èmi ni mo máa ń ka ìwé ìtàn. Èmi ni mo máa ń tọrọ ìwé kiri, tí n óò máa kà á lábẹ́ tábìlì nígbà tí olùkọ́ ìṣirò bá kọjú sí pátákó, Sìdí á sì máa fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Èmi ni mò ń sọ. Òun ló ń gbọ́.

Ohùn tó fi ránṣẹ́ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀rọ̀ kò já geere lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Tóyìn, ìwé tí à ń kà níbí yìí á pa mí o! Mo ti sunkún lẹ́ẹ̀mejì lónìí, mo tún wá ń rẹ́rìn-ín. Ìwọ ńkọ́, kí lò ń kà báyìí?"

Kò sí ohun tí mò ń kà. Ọdún márùn-ún ni mo fi kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí ní yunifásítì, gbogbo ìwé tí mo sì kà láàárín ìgbà yẹn, ìdánwò ni mo kà á fún. Ọjọ́ tí mo ṣe ìdánwò ìkẹyìn, mo rò pé n óò padà sí ìwé ìtàn mi bí ọmọ ṣe ń padà sílé lẹ́yìn táàmù. Mo dé ọ̀hún, mo bá ilẹ̀kùn ní títì. Bí mo bá ka ojú ewé méjì, ọwọ́ mi á ti nà sí fóònù. Mo gbìyànjú rẹ̀ fún ọdún méjì gbáko, ó ń dójú tì mí, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Sìdí kò lọ sí yunifásítì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe ìdánwò ìwọlé, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni kò bọ́ sí i, ó sì lọ sílé ọkọ. Òun ló wá ń sunkún nítorí ìwé yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ẹ̀yin ará ilé: inú mi kò dùn. Ó rí lára mi bí ẹni tó rí aṣọ ara rẹ̀ lọ́rùn ẹlòmíràn, tí aṣọ náà sì yẹ onítọ̀hún jù ú lọ. Mo gbọ́ ohùn náà nígbà mẹ́rin. Mo wá fèsì pé, "Mò ń bọ̀ wá kí ẹ." Sìdí rò pé ìfẹ́ ló ń gbé mi bọ̀. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó kàn jẹ́ pé owú ló san owó ọkọ̀.

*Ojú ọ̀nà*

Mo mú ìwé ìtàn kan dání kí n lè kà á lọ́nà. N kò fẹ́ dé ọ̀dọ̀ Sìdí lọ́wọ́ òfo. Ìyá kan tó jókòó tì mí bẹ̀rẹ̀ àdúrà kí a tó kúrò ní Òmùò, nítorí ẹ̀rù ojú ọ̀nà, gbogbo wa sì ń ṣe àmín sí i, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, títí tí a fi dé Ìkọ̀lé. Níbẹ̀ ni mo ti ṣí ìwé. Nígbà tí a dé Iléṣà, ojú ewé kẹrin ni mo wà.

Ìyá yìí ti ń wò mí látẹ̀yìn wá. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwé yẹn le ni?"

Mo ní, "Kò le, mà. Ìwé ìtàn lásán ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo rí i tí o dijú mọ́rí bí ẹni tó ń ka ìwé ìgbẹ́jọ́ ni. Gbé e sílẹ̀, jàre, wá jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Mo gbé e sílẹ̀, mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo fi ojú sí fèrèsé láti Ifẹ̀ dé Ìkirè kí ó má baà rí i pé omi ti lé sí mi lójú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tó ẹkún. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jẹ́ òǹkàwé rí, tí kò jẹ́ ẹ mọ́, inú rẹ̀ máa ń tètè bàjẹ́ lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

*Ìlú àwọn tó ń bú ni tí wọ́n sì ń ṣe ni lóore*

Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ ní Bẹẹrẹ, ní Ìbàdàn, mo kí obìnrin kan tó ń ta ata bí a ṣe ń kí ara wa nílé: "Ọ̀kún o!" Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo àpò mi. Ó ké sí ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Ẹ wá gbọ́ o, àlejò ti dé láti òkè ọ̀run! Ọmọ yìí, níbo ni wọ́n ti ń kí èèyàn báyẹn?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ara mi gbóná. Mo dárúkọ agbo ilé tí mò ń lọ ní Bẹyẹrunká. Ó ní, "Ibẹ̀ yẹn? Àwọn olórí kunkun! Kí lo wá wá lọ́dọ̀ wọn?" Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ló ti ju aṣọ bo ata rẹ̀, ó gbé àpò mi lérí, ó ń lọ níwájú mi.

Ohun tó kọ́kọ́ yé mi nípa àwọn ará ibẹ̀ nìyẹn. Ní Kàbà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọ́ lóore á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ dáadáa sí ọ. Níbẹ̀, wọ́n á bú ọ dójú àmì, wọ́n á sì sìn ọ́ délé, wọn kò ní gba ọpẹ́. Ọ̀nà tí a gbà tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé mo ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń dín nínú ilé ọ̀tún àti ohun tí wọ́n ń jà sí nínú ilé òsì. Bí mo bá gbójú sókè, mo rí Gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wò ó àfi èmi.

Sìdí sáré jáde, ó dì mọ́ mi, ó ń fò sókè. Ó ti sanra díẹ̀. Ojú rẹ̀ ń dán. Mo wo ojú yẹn, mo sì rò ó nínú ara mi pé, ṣé ìwé ló ń ṣe é báyìí? Kí n tó jókòó, ó ti gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi. Mo jẹ ẹ́, ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹnu wa, iyán ló mọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá àgbà kan nínú agbo ilé náà bi mí tẹ̀rín-tẹ̀rín pé, "Àlejò wa, ṣé láfún wa ò wọlé ni? Mo ti gbọ́ pé ẹ̀yin ará ibẹ̀ yẹn, bí ẹ bá sùn, iyán náà lẹ̀ ń lá."

*Yàrá iwájú*

Yàrá iwájú agbo ilé náà ni ìsọ̀ Alàájì Mùfú, àbúrò bàbá ọkọ Sìdí. Iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ọnà tí a ń fi abẹ́rẹ́ àti ọwọ́ ṣe, kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Alàájì ni ọ̀gá. Ràsákì, ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́, ló tẹ̀lé e. Ìyá Bàsírà, ìyá àgbà tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí iyán, ló ń ká ìṣẹ́tí aṣọ. Sìdí náà ti kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún láti ìgbà tó ti délé ọkọ, nítorí pé ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Agodi, ilẹ̀ á ti ṣú kí ó tó wọlé.

Alàájì sọ fún mi pé rédíò ni wọ́n ń gbọ́ tẹ́lẹ̀. "Ṣùgbọ́n rédíò ń dá wàhálà sílẹ̀," ó ní. "Wọ́n á sọ̀rọ̀ òṣèlú, Ràsákì á fò dìde, abẹ́rẹ́ á wọ̀ mí lọ́wọ́."

"Alàájì, ẹ̀yin náà máa ń fò dìde o," ni Ràsákì wí.

"Mo máa ń fò dìde. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ gbé abẹ́rẹ́ mi sílẹ̀."

Lọ́jọ́ kan, Alàájì rí Sìdí tó ń dá ka ìwé nígbà ìsinmi, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ó kà á sókè. Láti ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán títí di ìrun Àlàásárì, Sìdí á gbé abẹ́rẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, á jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, á máa kàwé, àwọn yòókù á máa ránṣọ. Ìwé tí mo bá wọn lórí rẹ̀ kò ní èèpo ẹ̀yìn mọ́, ojú ewé àkọ́kọ́ ti já, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Ìwé Àdùkẹ́ ni wọ́n ń pè é. Àdùkẹ́ jẹ́ amọ̀kòkò kan tí ẹnìkan gbé ọmọ rẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọjà, ó sì ń wá ọmọ náà láti ìlú dé ìlú. Ta ló gbé e? Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti fi ń jiyàn rẹ̀.

Wọ́n ní òfin. Bí kíkà ọjọ́ kan bá parí, òwú pupa ni Sìdí ń fi há ojú ewé, ìwé náà á sì wọ inú àpótí tí wọ́n ń kó rílì òwú sí. Kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú yàrá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo ohun tó wà níwájú òwú, títí kan Sìdí tó ń kà á. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, kálukú á sọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀. Alàájì ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ó ń fi ojú wá ihò abẹ́rẹ́. Ó ní, "A kì í dá ìwé yìí jẹ. Àwo kan náà ni gbogbo wa ń tọwọ́ bọ̀."

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ Sìdí, ohun tó ń ṣe mí kò jẹ́ kí n gbádùn ìtàn. Sìdí kì í yára. Bí Àdùkẹ́ bá ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀. Bí ìyáálé Àdùkẹ́ bá ń sọ̀rọ̀, Sìdí á fún imú pọ̀, Ràsákì á sì pariwo pé, "Òun nìyẹn! Àjẹ́ náà ti dé!" Bí ó bá kan ibi tó ṣòro, á dákẹ́ díẹ̀, gbogbo abẹ́rẹ́ á sì dúró nínú afẹ́fẹ́. Ìyá Bàsírà ní, "Ìyàwó wa, Ọlọ́run ò ní gba ohùn yẹn lọ́wọ́ rẹ." Mo ṣe àmín pẹ̀lú wọn. Àmín tèmi kò dé ọ̀fun.

Sìdí ló ní kí wọ́n fún mi kà ní ọjọ́ kejì. Ó ní, "Bàbá, Tóyìn ló kọ́ mi ní ìwé ìtàn o. Ẹ jẹ́ kó kà fún wa." Ojú rẹ̀ ń tàn, ó fẹ́ fi mí yangàn. Mo gba ìwé. Mo ka ojú ewé kan àbọ̀. N kò ṣìwí, n kò kọsẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, Ràsákì ń yán.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ má bínú o. Ṣé wọ́n ti yan gómìnà tuntun ni? Ó ń ṣe mí bíi pé ìròyìn aago mẹ́rin ni mò ń gbọ́."

Ìyá Bàsírà bú sẹ́rìn-ín, ó wá fi aṣọ bo ẹnu. Alàájì bá Ràsákì wí, ṣùgbọ́n ó yíjú sí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, àlejò wa. Ẹ gbé e padà fún Sìdí, kí iṣẹ́ lè yá." Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbé e padà. Bí ó ti ń gba ìwé, Sìdí fọwọ́ kan ọwọ́ mi láti tù mí nínú, ìtùnú yẹn ló sì burú jù. Bó bá jẹ́ pé ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, bóyá ǹ bá dárí jì í.

*Ọjọ́ Jímọ̀*

Ọjọ́ Jímọ̀, wọn kì í ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sán. Àwọn ọkùnrin lọ sí mọ́ṣáláṣí, Ìyá Bàsírà tẹ̀lé wọn, Sìdí lọ ra ata ní Ọjà'ba. Ó ní kí n bá wọn ṣọ́ ìsọ̀. Kò tíì fẹsẹ̀ kúrò lójúde tí mo ti ṣí àpótí.

N kò ní pa irọ́ fún yín pé n kò mọ̀ pé ó burú. Mo mọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ojú ewé kan ni n óò wò, kí èmi náà lè ní ohun kan tí Sìdí kò ní. Mo yọ òwú pupa, mo fi sórí itan mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo ti ń wá láti ọdún méjì. N kò rántí fóònù. Mo jókòó sórí ẹní láàárín àjákù òwú, Àdùkẹ́ sì ń sọdá odò kan, mo bá a sọdá. Ebi pa mí, n kò mọ̀. Mo gbọ́ tí ẹnìkan rẹ́rìn-ín nínú yàrá, mo gbójú sókè, kò sẹ́nìkan, èmi ni. Nígbà kan, mo gbọ́ ohùn Sìdí ní ọ̀nà àbáwọlé, mo ti ìwé bọ abẹ́ agbádá kan. Ó kọjá lọ sí ibi ìdáná. Mo fà á yọ, mo ń kà á lọ. Kí wọ́n tó pe ìrun Àlàásárì, mo ti parí rẹ̀. Àbúrò Àdùkẹ́, tó ń bá a wá ọmọ náà kiri, ni ó gbé e. Mo di ìwé náà mọ́ àyà mi. Mo sunkún dáadáa, ẹkún ayọ̀.

Mo tún òwú pupa há ibi tí mo ti bá a. Mo fẹ́ sọ fún yín pé ìtàn nìkan ló dùn tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan. Bí mo ṣe débẹ̀ ṣáájú Sìdí náà wà lára adùn rẹ̀.

*Ohun tí mo sọ*

Bí mo bá ti pa ẹnu mi mọ́ ni, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Mo máa ń rò ó lójoojúmọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń sọ èrò wọn. Ràsákì ní ìyáálé ló gbé ọmọ. Alàájì ní ọkọ ni. Ìyá Bàsírà ní òun kò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe é kò ní sùn re. Ó wá kan Sìdí. Ó ń fi ìka pa ẹ̀gbẹ́ ìwé.

"Èmi rò pé Àdùkẹ́ fúnra rẹ̀ ni," ó ní. "Mo rò pé òun ló gbé ọmọ náà fún ẹnìkan ní ọjọ́ tí ìyà pọ̀ jù fún un. Ọkàn rẹ̀ kò wá fẹ́ rántí mọ́. Ìdí nìyẹn tí kì í fi lè dúró sí ìlú kankan."

Abẹ́rẹ́ Ràsákì dúró nínú aṣọ. Ìyá Bàsírà wí pé, "Háà! Ìyàwó," bí ẹni tí wọ́n bu omi tútù sí lára.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun tó sọ yẹn dára ju ohun tí ẹni tó kọ ìwé kọ. Mo ti ka ìwé náà tán, Sìdí tí kò kà á tán sì ti kọ èyí tó dára jù ú lọ nínú orí rẹ̀.

Mo ní, "Irọ́ ni. Àbúrò rẹ̀ ni."

Ràsákì rẹ́rìn-ín. "Àǹtí náà ti wá sọ tiwọn! Kí ló mú yín rò bẹ́ẹ̀?"

"N kò rò ó. Àbúrò rẹ̀ ló gbé e fún oníṣòwò kan létí odò, nítorí ilẹ̀ bàbá wọn. Ọmọ náà ti di ọ̀dọ́mọkùnrin kí Àdùkẹ́ tó rí i. Ó wà ní ojú ewé tó kẹ́yìn."

Mo gbọ́ ohùn ara mi bó ṣe ń jáde, n kò lè dá a dúró. Alàájì gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ojú ewé wo?" ó bèèrè.

Sìdí wò mí. Kò bínú, ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí ibi tó ti mọ̀ mí. Ó pa ìwé dé. Ó ká òwú pupa sí ìka rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, kò fi há nǹkan kan. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Kò sí ọbẹ̀ lórí iná.

"Ó burú o," ni Ràsákì wí, jẹ́jẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò fi ẹ̀rín kún un.

Mo tọ Sìdí lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, mo ń ṣàlàyé bí ọdún méjì náà ṣe rí fún mi. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Tóyìn, o lọ sí yunifásítì, mi ò jowú rẹ," ó ní. "Inú mi dùn sí i. Mò ń sọ fún wọn níbí pé ọ̀rẹ́ mi ti gba oyè. Nínú ilé yìí, èmi ni ìyàwó, èmi ni ọmọ iṣẹ́. Aago ọ̀sán yẹn nìkan ló jẹ́ tèmi."

Mo ní, "Sìdí, jọ̀ọ́."

"Ṣé o mọ èyí tó dùn mí jù? Ìtàn tèmi yẹn. Mo fẹ́ máa gbé e kiri títí a ó fi débẹ̀. Bó bá já sí irọ́ nígbà tá a débẹ̀, ó já sí irọ́ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n o kò jẹ́ kí n gbé e dé ibì kankan."

*Ìdájọ́*

Alàájì kò pariwo. Ó ní ẹni tó bá dá àwo jẹ ló gbọ́dọ̀ se òmíràn. Ó ní n óò wá ìwé mìíràn, n óò sì máa kà á fún wọn títí di ọjọ́ tí n óò padà sílé. Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù.

Mo ra ìwé kan lọ́wọ́ bàbá kan tó tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Mápó. Ó bi mí pé irú ìwé wo ni mo fẹ́. Mo ní, "Èyí tí n kò ní lè sáré kà." Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ, sáré ń bẹ lẹ́sẹ̀ ẹni ni, kò sí nínú ìwé."

Ọjọ́ kìíní, Ràsákì kò sọ nǹkan kan, ìyẹn sì burú ju yẹ̀yẹ́ lọ. Ọjọ́ kejì, mo rántí bí Sìdí ṣe máa ń dákẹ́ níbi tó ṣòro, mo dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, Ràsákì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ẹ tún ibẹ̀ kà." Ọjọ́ kẹfà, Ìyá Bàsírà fi etí ìró nu ojú. Mo ń gbọ́ ohùn ara mi tó ń kún yàrá náà, mo sì mọ̀ pé ohun tó sọnù lọ́wọ́ mi ti padà. Òfin náà kò ni mí lára mọ́. Bí mo bá há òwú pupa sójú ewé, n óò lọ sùn, n óò máa ro ìtàn náà lórí ibùsùn, n kò ní fọwọ́ kàn án.

Sìdí jókòó fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó ń ránṣọ, kò gbójú sókè. Láti ọjọ́ kẹta, kò wọlé mọ́. Ó ní òun ní aṣọ láti fọ̀. Bí mo bá dákẹ́ níbi tó ṣòro, mo máa ń gbọ́ ohùn omi láti ẹ̀yìnkùlé.

Èyí tó le jù láti sọ nìyí. Ní ọjọ́ keje, Ìyá Bàsírà wí pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ẹ ti ń sún mọ́ Ìyàwó." Ẹ wo obìnrin tí mo ti gba nǹkan rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń fọ aṣọ lẹ́yìn ògiri, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ta mí. Sísún mọ́ ọn kò tó mi. Mo fẹ́ jù ú lọ.

Ní ọjọ́ tí mò ń padà, ó sìn mí dé Bẹẹrẹ. Ó fún mi ní wàrà àti àkàrà fún ọ̀nà, ó gbé àpò mi wọ ọkọ̀. Ó ṣe gbogbo ohun tí olùgbàlejò rere ń ṣe. Ó wá ní, "Ẹ kí wọn nílé, Àǹtí Tóyìn." Oṣù méjì péré ni mo fi dàgbà jù ú lọ. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí láyé.

*Kàbà*

Mo ti délé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwé márùn-ún ni mo ti kà. Ìyá mi ń pariwo pé iṣu mi jóná nítorí ìwé, bó ṣe ń pariwo nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ariwo náà sì ń dùn mọ́ mi. Mo kọ̀wé sí Sìdí lórí fóònù ní ìgbà mélòó kan. Ó ń dáhùn. "A dúpẹ́." "Àlàáfíà ni." Mo bi í pé kí ló ń kà. Kò dáhùn ìyẹn.

Ní àná, Alàájì pè mí. Ó ní Sìdí ti sọ fún òun pé òun kò ní kàwé mọ́, pé bí òun bá ṣí ìwé báyìí, ojú òun kì í dúró lórí rẹ̀. Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ara mi tutù, nítorí mo mọ àìsàn náà dáadáa. Alàájì ní ìsọ̀ ti dákẹ́ jù, Ràsákì ti ń wá rédíò tí wọn yóò rà. Ó ní yàrá kan ṣófo nínú agbo ilé náà. Ó ní kí n wá, òun á kọ́ mi ní iṣẹ́ ọnà, n óò sì máa kàwé fún wọn lọ́sàn-án. Mo bi í bóyá Sìdí mọ̀. Ó ní, "Òun ló dárúkọ yín. Ó ní ẹ ti mọ̀ ọ́n kà báyìí."

Mo fẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹ tó máa gbà mí nímọ̀ràn, kí ẹ má baà rò pé ẹni rere ni mí. N kò níṣẹ́ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì fẹ́ jókòó síbì kan rí bí mo ṣe fẹ́ jókòó ní yàrá yẹn. Apá kan nínú mi ń yọ̀ pé àga náà ṣófo. Apá kejì ń sọ pé bí mo bá lọ, Sìdí á máa gbọ́ ohùn mi láti ẹ̀yìnkùlé ní gbogbo ọ̀sán ayé rẹ̀. Bí n kò bá sì lọ, kì í ṣe pé yóò padà sórí àga náà nítorí pé mo dúró sílé. Mo tún ń bẹ̀rù pé bí mo bá bá a wá ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó rí i, yóò tún jù mí lọ, n óò sì tún di ẹni tí mo jẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jowú ọ̀rẹ́ yín rí, tí ohun tí ẹ ń jowú sí wá bọ́ sí yín lọ́wọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ṣé kí n lọ, kí n máa kàwé níbẹ̀ títí tí etí rẹ̀ yóò fi fà á wọlé? Àbí kí n kọ̀, kí n sọ fún Alàájì pé Sìdí nìkan ni àga náà tọ́ sí? Báwo lẹ ṣe ń dá adùn ìwé padà fún ẹni tí ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Alàájì fẹ́ gbọ́ èsì mi kí ó tó di ọjọ́ Ajé.